Ilé olókùúta ní Cantal, ilẹ̀ Faransé: ààrò onígi, sókàwéè, kí ló yẹ ká ti ṣe kí òtútù tó dé?

AyálégbéTuntun:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ìyàwó mi gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Saint-Flour, ní Cantal. Ilé tí a fẹ́ gbà jẹ́ ilé olókùúta àtijọ́, nǹkan bíi 100 m², lórí òkè tó ga tó 950 mítà. Oṣù kẹfà la máa kó wọlé. Ààrò onírin tí wọ́n ń fi igi dá (poêle à bois) wà ní pálọ̀, hítà oníná kéékèèké ló wà ní yàrá. Páìpù ìdọ̀tí ìjọba kò dé ibẹ̀, sókàwéè ni wọ́n ń lò. Ìwé àdéhùn sọ pé "ramonage", ìyẹn gbígbá ọ̀pá èéfín, àti "vidange", gbígbẹ́ sókàwéè, wà lọ́rùn ayálégbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí? Igi mélòó la máa rà, ìgbà wo la sì máa rà á? Kí ni kò gbọdọ̀ wọ inú sókàwéè? Ẹ tún bá wa sọ ti ọkọ̀, dókítà àti oúnjẹ. Ìbéèrè pọ̀, ẹ má bínú.

BàbáElégi:

Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti igi ṣáájú, torí òun ni kò ní dúró dè yín. Ẹni tó bá di oṣù kẹwàá kó tó pe onígi, igi tútù ni wọ́n á já sílẹ̀ fún un, tàbí kí wọ́n ní ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá kó wọlé ni kí ẹ pè é.

Stère ni wọ́n fi ń wọn igi. Igi tí wọ́n gé ní mítà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò jọ títí ó fi di mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, òun ni stère kan. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: tí wọ́n bá gé stère kan náà sí 50 cm, tí ẹ tún un tò, 0.8 m³ ni ẹ máa rí. Tó bá jẹ́ 33 cm, 0.7 m³. Tó bá jẹ́ 25 cm, 0.6 m³. Igi ò dín, àlàfo àárín rẹ̀ ló dín. Nítorí náà, tí ẹ bá ra stère 10 ní 33 cm, tí ẹ tò ó tán tó jẹ́ 7 m³, onígi ò rẹ́ yín jẹ. Tó bá jẹ́ 5 m³ lẹ rí, ẹ pè é padà. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì wà ní òkìtì bí ọkọ̀ ṣe dà á sílẹ̀, òkìtì máa ń tan ojú jẹ.

Kí ẹ tó pè é, ẹ fi téèpù wọn inú ààrò náà. Tí inú rẹ̀ bá gba 40 cm, igi 33 cm ni kí ẹ béèrè fún. Èyí tó bá gùn jù, ẹ̀yin lẹ máa rẹ́ ẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Iye rẹ̀: ilé olókùúta tí wọn ò fi nǹkan kan bo ògiri rẹ̀ nínú, ní 950 mítà, tó bá jẹ́ ààrò yẹn lẹ máa gbára lé, máa fojú sí stère 8 sí 12. Ẹ ra 12 lọ́dún àkọ́kọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, á gbẹ sí i de ọdún tó ń bọ̀.

Irú rẹ̀: hêtre àti frêne wọ́pọ̀ lágbègbè yẹn, wọ́n dára. Chêne dára jùlọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọdún méjì níta lẹ́yìn tí wọ́n bá là á kó tó gbẹ. Sapin máa ń jó fùù, ẹ fi dáná lásán ni. Omi inú igi kò gbọdọ̀ ju 20% lọ. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ẹ ra humidimètre, ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, kò wọ́n. Ẹ la igi kan sí méjì, kí ẹ ki ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ ojú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yẹn. Ẹni tó bá fi wọn ẹ̀yìn igi tàbí orí rẹ̀, nọ́ńbà dídùn ló máa rí, igi á sì tutù nínú. Tí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ kan igi méjì mọ́ra: gbígbẹ á dún kọ́kọ́, tútù á dún bù.

Títò: ẹ gbé e lé pálẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi páànù bò. Ẹni tó fi tapólì wé e yíká ń se igi ni, kò gbẹ ẹ́.

Dídá rẹ̀, ẹ gbàgbé bí a ṣe ń dá igi nílé. Igi ńlá méjì sísàlẹ̀, tín-ín-rín lórí wọn ní ìgbékọjá, wẹ́wẹ́ lókè pátápátá, kí ẹ wá ṣáná sí òkè. Iná á máa sọ̀kalẹ̀. Èéfín tó ń jáde lára igi ìsàlẹ̀ á gba àárín iná kọjá, á jóná kó tó dé ọ̀pá. Ẹ ṣí ojú atẹ́gùn sílẹ̀ gbayawu fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó máa dín in kù. Ohun tó ń ba ààrò jẹ́ jù ni kí èèyàn ki igi kún un lálẹ́, kó sé atẹ́gùn, kí iná lè rọra jó di àárọ̀. Iná tí kò rí atẹ́gùn kì í jó tán. Èéfín rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, á di ọ̀dà dúdú. Tí gíláàsì ilẹ̀kùn bá ń dúdú lójoojúmọ́, ẹ ti mọ̀: igi tutù, tàbí ẹ ń sé atẹ́gùn jù.

TòkunbọLimoges:

Bàbá, kí ló dé tí wọn ò kúkú béèrè ààrò granulés (wóró igi lílọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) lọ́wọ́ onílé? Àpò kílò 15, ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Kílò kan ń fúnni ní bíi 4.8 kWh. Kò sí wàhálà pé igi tutù, kò sí títò.

BàbáElégi:

Ìyẹn dára ní ibi tí iná mànàmáná kì í ti í lọ. Mọ́tò ló ń ti granulés wọlé, fáànù ló ń fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí yìnyín bá já wáyà lókè Cantal, ààrò yẹn di àpótí. Onígi ò mọ̀ bóyá NEPA mú iná.

Ìyálé_Clermont:

Lórí ìwé àdéhùn: òótọ́ ni wọ́n kọ. Décret 87-712 ti 26 oṣù kẹjọ 1987 ló to ohun tó jẹ́ ti ayálégbé, ramonage àti gbígbẹ́ sókàwéè sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ ya méjì sọ́tọ̀: ìtọ́jú ni tiyín, àtúnṣe ńlá ni ti onílé. Tí ọ̀pá èéfín bá là, tí sókàwéè bá wó, tí àwọn olùyẹ̀wò bá ní kò bá ìlànà mu, ẹ má fọwọ́ kan àpò yín.

Ramonage: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nínú ọ̀pọ̀ ẹkùn, ìlànà ìmọ́tótó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni fún ọ̀pá èéfín igi, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí àárín ìgbà tí ẹ ń dáná. Ẹ bi mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) léèrè èyí tó kàn yín. Oṣù kẹfà tàbí keje ni kí ẹ pe ramoneur. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìlú ló ń pè é. Kó tó lọ, kó fún yín ní certificat de ramonage tó ní ọjọ́, orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ pé ọ̀pá náà ṣófo láti ìsàlẹ̀ dókè. Tí iná bá ṣẹlẹ̀, ìwé yẹn ni íńṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ béèrè. "Bûche de ramonage" tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò dípò rẹ̀. Ó ń mú kí ọ̀dà inú ọ̀pá gbẹ, kó sì máa ṣí, àmọ́ kì í gbá nǹkan jáde.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ bi onílé pé níbo ni certificat tó kẹ́yìn wà. Tí kò bá rí i mú jáde, ẹ má dá iná kankan níbẹ̀ kí ramoneur tó dé. Ẹyẹ choucas fẹ́ràn àtimáa kọ́ ilé sínú ọ̀pá tí wọn ò lò nígbà ìrúwé. Ìtẹ́ kan lè dí i pa.

Ẹ tún wo lẹ́tà DPE lórí ìwé ilé náà, A sí G, tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná tó; G ló burú jù. Láti 1 oṣù kìíní 2025, onílé kò lè fi ilé tó gba G háyà fún ayálégbé tuntun mọ́. Owó ìdúró fún ilé tí kò ní àga àti bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ ju owó oṣù kan lọ.

Sapeur15:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti ìyálé. Tí iná bá wọ ọ̀pá èéfín, ẹ máa gbọ́ ọ, ó máa ń hó gììì bí ọkọ̀ ńlá. Ẹ sé gbogbo ojú atẹ́gùn ààrò, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, ẹ pe 18 tàbí 112. Ẹ má da omi sí i láti òkè o. Ọ̀pá tó gbóná bẹ́ẹ̀ máa là, ooru omi á sì tú padà lù yín.

Eérú: inú garawa onírin tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e síta lórí òkúta. Ẹ̀ṣẹ́ná lè wà láàyè lábẹ́ eérú fún ọjọ́ méjì. Garawa oníke tàbí páálí lórí ilẹ̀ pákó ló ń jó ilé.

Ẹ má fi aṣọ dí ihò atẹ́gùn ara ògiri nítorí òtútù. Ààrò ń mí láti ibẹ̀. Tó bá dí, gáàsì CO á kún inú ilé. Kò ní òórùn, orí fífọ́ àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dún tó bá gbóòórùn èéfín jẹ́ dandan nínú gbogbo ilé láti 2015, onílé ló ń gbé e sí i. Ti CO kì í ṣe dandan. Ẹ ra á síbẹ̀.

OníPọ́ḿbà63:

Ó kan èmi. Sókàwéè wọn kì í ṣe kòtò kan ṣoṣo bíi ti ilé. Àkọ́kọ́ ni fosse toutes eaux, táńkì tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ìdáná àti ti ìwẹ̀ jọ ń wọ̀. Lítà 3,000 ló wọ́pọ̀ fún ilé tó ní yàrá márùn-ún. Ẹrẹ̀ á wọlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á gba inú àsẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní préfiltre jáde lọ sí épandage, àwọn páìpù oníhò tó wà lábẹ́ koríko. Táńkì náà rọrùn láti gbẹ́. Épandage tó bá ti dí, wíwú ni wọ́n ń wú u, owó ńlá ni. Gbogbo ìlànà tó kù, torí kí ọ̀rá àti ẹrẹ̀ má bàa dé épandage ni.

SPANC ni orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba ìwé ìyẹ̀wò wọn tó kẹ́yìn lọ́wọ́ onílé, pẹ̀lú bordereau, ìwé ẹ̀rí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ kẹ́yìn. Tí ẹrẹ̀ bá ti dé ìdajì táńkì, ó tó gbẹ́ nìyẹn. Fún ìdílé kan, ó máa ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Tí bordereau bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún onílé kó gbẹ́ ẹ kí ẹ tó wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbẹ́ ẹlòmíràn lẹ máa fi owó yín kó. Ọkọ̀ agbépòó tí préfecture (ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn) fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ pè, tó bá sì gbẹ́ ẹ tán, kí wọ́n fi omi kún un padà lọ́jọ́ náà. Táńkì oníke tó ṣófo, omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé e sókè tàbí kó fún un pa.

Èyí tó kàn jẹ́ ti ilé Yorùbá ní pàtàkì. Epo tí ẹ fi dín dòdò àti epo pupa ìdí ìkòkò kì í dé táńkì nínú òtútù. Ó ń dì sínú páìpù, ó ń di ọṣẹ. Ẹ fi bébà nu ìkòkò ọbẹ̀ kí omi tó kàn án. Epo tó bá pọ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ gbé e lọ sí déchetterie, ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gba pàǹtí sí. Ẹ sẹ́ èèpo ẹ̀wà mọ́ín-mọ́ín, ẹ má jẹ́ kí èbà gba sínkì lọ. Aṣọ ìnudí ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ṣeé dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má dà á. Jik díẹ̀ láti fi nu ilẹ̀ kò ṣe nǹkan. Àmọ́ ẹni tó ń da Izal àti Jik wọlé bó ṣe ń dà á nílé ń pa bakitéríà tó ń jẹ ẹrẹ̀, táńkì á sì tètè kún.

Ẹ má fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jọ́ kan. Omi tó bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà á ru ẹrẹ̀ sókè, á tì í jáde. Ẹ pín in.

Àsẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Òkúta pouzzolane ló máa ń wà nínú rẹ̀, òkúta òkè oníná Auvergne fúnra rẹ̀. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ fi họ́ọ̀sì ṣan án sí apá ibi tí omi ti ń wọ táńkì, ẹ má ṣan án sí apá àbájáde. Ẹ má ki orí bọ ẹnu táńkì rárá. Gáàsì inú rẹ̀ ń pa èèyàn ní ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá ń gbóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ nínú ilé, ẹ wo òrùlé: ó yẹ kí páìpù atẹ́gùn 100 mm kan yọ sókè ju orí ilé lọ ní 40 cm. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò fi í sí i ni, tàbí wọ́n dá a dúró sínú àjà.

Ọkọ̀ kì í gun orí épandage. Igi kì í súnmọ́ ọn ju mítà mẹ́ta lọ.

AyálégbéTuntun:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ̀wé sí onílé lórí bordereau. Mo tún gbọ́ pé àwọn ará abúlé kì í yá mọ́ èèyàn. Báwo la ṣe máa ṣe é?

ỌmọKétu:

Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kì í kí èèyàn ni wọn kì í yá mọ́, àwa náà ò sì yá mọ́ ọn. Tí ẹ bá wọ ilé búrẹ́dì, "bonjour messieurs-dames" sí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́, kó tó kí wọn, ni wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ń lọ lójú ọ̀nà abúlé tí ẹ rí onítírákítọ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè sí i.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ fi ara yín han mairie. Kò sí òfin tó ní kí ẹ ṣe é, àmọ́ ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtí, bí ẹ ṣe máa gba káàdì déchetterie, ẹni tó ń ta igi, àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tú yìnyín kúrò lọ́nà yín. Ní abúlé kékeré, ilẹ̀kùn mairie lè má ṣí ju ìdajì ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ wo wákàtí rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Láti aago 12 sí 2 ọ̀sán, gbogbo nǹkan ló ń tì: ìsọ̀, báńkì, déchetterie. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì tún máa ń tì ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ kọ orúkọ yín àti ti ìyàwó yín méjèèjì sára àpótí lẹ́tà. Tí orúkọ tó wà lórí lẹ́tà kò bá sí lára àpótí, á padà lọ pẹ̀lú "destinataire inconnu", lẹ́tà préfecture sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ilé náà pẹ̀lú. Láti ìgbà òfin 2022, àwọn abúlé kéékèèké náà ní láti fún títì lórúkọ, kí wọ́n sì fún ilé ní nọ́ńbà, torí náà àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé onílé lè ti di ti àtijọ́.

Ní oṣù kọkànlá sí kejìlá, olùpín-lẹ́tà àti àwọn panápaná máa kan ilẹ̀kùn láti ta kàlẹ́ńdà. Kò ní iye. Yúrò 5 sí 10 ti tó. Ẹ rà á. Àwọn panápaná ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ará abúlé tó ń fi ara wọn sílẹ̀, àwọn kan náà lẹ máa pè bí ọ̀pá èéfín bá gbiná.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má sun pàǹtí tàbí koríko lẹ́yìnkùlé. Òfin kọ̀ ọ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè dé 750 yúrò, aládùúgbò á sì rí èéfín kí ẹ tó rí i.

Nọ́ọ̀sìÒkè:

Dókítà ni kí ẹ wá kí ẹ tó wá tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pe gbogbo maison de santé (ilé ìwòsàn kékeré) tó wà láàárín 30 kìlómítà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba aláìsàn tuntun, kí ẹ lè ní médecin traitant, dókítà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó dókítà gbogboogbò jẹ́ 30 yúrò. Ẹni tó ní médecin traitant, ìjọba ń dá 19 padà fún un (70% tí wọ́n yọ yúrò 2 kúrò nínú rẹ̀). Ẹni tí kò ní, 7 péré ni. Tí gbogbo wọn bá ní àwọn ò gbà, ẹ tọ́jú orúkọ wọn àti ọjọ́ tí ẹ pè, kí ẹ kọ̀wé sí médiateur (alárinà) CPAM, ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ìlera ìjọba.

Fún ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àti fún àìsàn ìtọ̀ obìnrin ọdún 16 sí 65, pharmacien (apòògùn) tó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò, kó sì fúnni ní oògùn apakòkòrò láìrí dókítà. Ìyẹn wúlò púpọ̀ ní òkè. Lálẹ́, ẹ pe 15, nọ́ńbà pàjáwìrì ìṣègùn, kí ẹ tó wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

TòkunbọLimoges:

Ti ọkọ̀ rèé. Láti 1 oṣù kọkànlá sí 31 oṣù kẹta, ní àwọn abúlé òkè Cantal, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òtútù tàbí ti gbogbo ìgbà, tó ní àmì òkè onígun mẹ́ta àti yìnyín lára (3PMSF). Táyà tó ní M+S nìkan kò kà mọ́ láti 2024. Bí kò bá sí, kí ṣéènì fún táyà méjì tó ń wa ọkọ̀ wà nínú búùtù. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì sí i ní ọ̀sán nínú ọgbà. Ẹni tó dúró de inú yìnyín lálẹ́ kó tó kọ́ ọ, ìka rẹ̀ á dì.

Ní oríta tí kò ní àmì kankan nínú abúlé, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló ni ọ̀nà. Kò sí ohun tó kàn bóyá ọ̀nà tiyín fẹ̀ jù. Ọ̀nà kékeré tí wọ́n da ọ̀dà sí ni mo ń bá wí, kì í ṣe ọ̀nà erùpẹ̀ tí tírákítọ̀ ń gbà jáde láti oko.

Láísẹ́ńsì ìta Yúróòpù ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan péré láti ìgbà tí ìwé ìgbélùú yín bá bẹ̀rẹ̀. Inú ọdún yẹn ni kí ẹ béèrè ìpààrọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí orílẹ̀-èdè tó fún yín ní láísẹ́ńsì kò bá ní àdéhùn ìpààrọ̀ pẹ̀lú Faransé, ìdánwò ni: ìbéèrè 40, ẹ gbọ́dọ̀ gba 35, lẹ́yìn náà ìdánwò wíwa ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, ààyè ìdánwò kì í tètè yọ lábúlé. Ọkọ̀ àlòkù tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ, ẹ má sanwó láìrí ìwé contrôle technique (àyẹ̀wò ọkọ̀) tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

ÌyáAláta:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti igi àti ìgbẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká jẹun wàyí.

Ẹran ò ní yọ yín lẹ́nu. Ṣàkì ni wọ́n fi ń ṣe tripoux tí Saint-Flour fi ń yangàn, torí náà alápatà ò ní wò yín bí wèrè. Ẹ sọ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé ẹ fẹ́ panse (ṣàkì) tí wọn ò tíì sè àti pied de bœuf (ẹsẹ̀ màlúù) tí ó gé wẹ́wẹ́, á ti wà ní ọjọ́ Ẹtì. Adìyẹ líle tí ọbẹ̀ wa fẹ́, "poule" ni kí ẹ béèrè lọ́jà, ẹ má béèrè "poulet". Poule ni èyí tó ti yé ẹyin tán. Ó ń fẹ́ wákàtí méjì lórí iná.

Ẹ̀wà: "haricots à œil noir" tàbí "cornille", òun náà ni ẹ̀wà olójú dúdú. Ẹ ra ìkòkò onípírẹ́ṣọ̀ (cocotte-minute) tó ń fọn fèrè, torí ní 950 mítà, omi ń hó ní nǹkan bíi 97°C, ẹ̀wà á pẹ́ jù. Ṣẹmó: semoule de blé extra-fine ni. Èlùbọ́, gaàrí, epo àti iṣu, ẹ kó o ní Clermont-Ferrand tàbí Paris lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì sí mẹ́ta, torí náà ẹ ní firísà onípòsí. Ẹ ti èlùbọ́ sínú firísà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé e sínú agolo, kòkòrò rẹ̀ á kú.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ láti ilé: ẹran, pọ̀nmọ́ àti wàrà kò wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ gígé kékeré. Ẹja gbígbẹ ń wọlé, tó kílò 20 fún ẹnì kan. Iṣu, ata tútù àti ewébẹ̀ tútù fẹ́ ìwé àyẹ̀wò ewéko; ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn ò fẹ́ ẹ.

Ọgbà: ní 950 mítà, ẹ má bá ewédú jà láìní ilé oníláílọ́ọ̀nù, òru ibẹ̀ tutù jù fún un. Ata rodo, ẹ gbìn ín sínú ilé ní oṣù kejì sí kẹta níbi tó gbóná tó 25°C, ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó hù. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gbé irúgbìn jáde kí Saints de glace tó kọjá, ìyẹn 11 sí 13 oṣù karùn-ún. Ní òkè bíi tiyín, ẹ dúró di oṣù kẹfà. Ọdún yìí, ẹ kúkú ra èyí tó ti hù lọ́jà, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e wọlé sídìí fèrèsé tó bá di oṣù kẹsàn-án.

Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni kò ní yọ yín lẹ́nu. Ó ń hù fúnra rẹ̀ láàárín ànàmọ́ òyìnbó (pomme de terre) àti àgbàdo, koríko burúkú ni wọ́n kà á sí. Amarante réfléchie ni wọ́n ń pè é, ìdí rẹ̀ pupa díẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn ju ti ilé lọ.

AyálégbéTuntun:

Ìyá, ẹ mà ṣeun o. Ṣé èyí tó wà nínú oko àgbàdo aládùúgbò ṣeé já?

ÌyáAláta:

Ẹ má já a níbẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti fín oko náà; ọ̀pọ̀ wọn ń fín oògùn koríko sí àgbàdo nígbà tó ṣì kéré, ewé tẹ̀tẹ̀ tí oògùn bá lù tí kò sì kú kì í ṣe oúnjẹ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ànàmọ́ nínú ọgbà ìdáná àwọn arúgbó ló dára. Ẹ béèrè, inú wọn á dùn pé ẹnì kan fẹ́ bá wọn fà á tu. Ẹ já a kó tó yọ òdòdó, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi rẹ̀ nù, torí ilẹ̀ tí wọ́n da ìgbẹ́ màlúù sí ń jẹ́ kí nitrate pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyálé_Clermont:

Ọ̀kan ṣì kù kí ẹ tó lọ. Oṣù kẹfà lẹ máa ṣe état des lieux, ìyẹn àyẹ̀wò ilé nígbà ìwọlé, kò sì sẹ́ni tó máa dá ààrò tàbí tan hítà nígbà náà. Fún gbogbo nǹkan tó kù, ọjọ́ 10 lẹ ní láti ní kí wọ́n fi àléébù tí ẹ bá rí kún un. Àmọ́ fún ohun tó ń mú ilé gbóná, òfin fún yín ní oṣù kìíní tí ìgbà ìdáná bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ní oṣù kẹwàá, ẹ tan hítà yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ààrò, kí ẹ kọ èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé nínú lẹ́tà recommandé avec accusé de réception, èyí tó máa fọwọ́ sí pé òun gbà. SMS nìkan ò tó.

OníPọ́ḿbà63:

Bí ẹ bá ti ń kọ lẹ́tà yẹn, ẹ ṣí ihò mítà omi lẹ́yìnkùlé. Ẹ fi pátákó polystyrène tẹ́ ẹ yíká àti lábẹ́ ìdérí. Ẹ má lo koríko gbígbẹ, aṣọ tàbí òwú gíláàsì, wọ́n ń mu omi, omi yẹn á sì dì mọ́ mítà.